Ẹ̀gbọ́n ní kí n yẹ fáìlì ìyàwó ọmọ wọn wò níbi iṣẹ́

Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n gbà mí sílé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí pè mí lálẹ́ àná. Wọ́n ní ìyàwó ọmọ wọn ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn wa, kò sì sọ èsì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí n bá wọn wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì ṣí i. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé n kò ní ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Àbúrò mi, má ṣí i o! Fáìlì tí o bá ṣí, orúkọ rẹ, ọjọ́ àti aago á wà níbẹ̀. Abala 170 nínú Data Protection Act 2018, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, owó ìtanràn ni. Computer Misuse Act 1990, òfin tó lòdì sí lílo kọ̀ǹpútà lọ́nà àìtọ́, lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún 2. NMC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, náà á tún bi ọ́ léèrè.

Ká tiẹ̀ gbé òfin tì. Ọmọbìnrin yẹn ló ni ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ oyún ló ń wá, ó lè jẹ́ ohun tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ gbọ́ rárá. Bó bá fura pé ọmọ Yorùbá tó wà ní wọ́ọ̀dù lè gbé ọ̀rọ̀ òun dé ìpàdé ẹgbẹ́, ilé ìwòsàn náà ni yóò máa sá fún, àìsàn á sì ráyè. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àkọsílẹ̀, London: Àǹtí, ẹ pè wọ́n padà, ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp. Ẹ ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, iṣẹ́ mi kò gbà mí láàyè. Ẹ jẹ́ ká bi ìyàwó fúnra rẹ̀.” Ẹ má sọ pé ó wá síbi iṣẹ́ yín, ẹ má sì sọ pé kò wá; àṣírí aláìsàn nìyẹn náà. Òun alára lè wo NHS App, ìyẹn áàpù ètò ìlera ìjọba lórí fóònù, tàbí kó bi GP rẹ̀, dókítà àdúgbò rẹ̀. Bó bá kọ̀wé béèrè fáìlì rẹ̀, oṣù kan ni wọ́n ní láti fi dáhùn, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Fáìlì tiyín gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò gbà kí ẹ fi káàdì iṣẹ́ ṣí i.

Nọ́ọ̀sì, Manchester: Ẹ ṣeun gan-an. Bí wọ́n bá ní kí n bẹ ọ̀rẹ́ mi tó wà níbi àyẹ̀wò ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, sọ fún máníjà rẹ. Ilé ìwòsàn NHS kọ̀ọ̀kan ló ní Caldicott Guardian tó ń ṣọ́ àṣírí aláìsàn. Máníjà á fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ọ́.