Wọ́n ń ka ìwé, àmọ́ kíkọ rẹ̀ ni ogun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan l'Ákùúrẹ́ níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn 110 ni wọ́n fún mi nínú kíláàsì kan ṣoṣo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn kọ ohun tí ìpínrọ̀ kan sọ nípa sísá kòkó. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń dáko kòkó ní Ìdànrè da gbogbo rẹ̀ kọ, títí kan àṣìtẹ̀ inú rẹ̀! Mo ní ó dáa, fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Háà! Ó ní ìwé yẹn gan-an ló fo nǹkan, pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó tó sá a. Orí ọmọ yìí pé.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. A, B, C tàbí D ni wọ́n yàn lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi yege JAMB.

Ní báyìí, mo ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ Ígbò àti Ẹ̀bìrà tó wà láàárín wọn kàn ń wò mí ni. Kí ni kí n ṣe fún wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ èrò rẹpẹtẹ rí, ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ara wọn wò? Àbí ẹ̀yin náà ń fi òru máàkì ni?