Ìdàgbàsókè Àwùjọ, Ìlànà, àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Ka Tálákà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìyá kan ló sọ pé ọmọ òun ti wọ yunifásítì, pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Social Development and Policy ló fẹ́ gboyè nínú rẹ̀, ó wá ń béèrè ohun tí òun yóò máa pè é ní Yorùbá. Ìdáhùn mẹ́rin ló ti jáde. Ẹnìkan ní "Ìdàgbàsókè Àwùjọ àti Ìlànà". Èkejì ní "Ìtúnlùúṣe àti Òfin". Ẹ̀kẹta ní kí a kúkú pe gbogbo rẹ̀ ní "Ìmọ̀ Ìgbáyé-gbádùn". Ẹ̀kẹrin ní kí a yéé da ara wa láàmú, kí a kọ "pọ́lísì" sílẹ̀ bí a ṣe kọ "yunifásítì".

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Mi ò bínú sí ọ̀rọ̀ àyálò. "Tálákà" tí mo máa lò nísàlẹ̀, ọ̀dọ̀ Haúsá la ti yá a, kò sì sẹ́ni tó ń bi í mọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó bá lọ sọ fún bàbá àgbà pé pọ́lísì lòun ń kọ́ ní yunifásítì. Ọlọ́pàá ni bàbá máa gbọ́, á sì kìlọ̀ fún un kó má gba rìbá.

Ní ti "ìgbáyé-gbádùn", ọ̀rọ̀ dídùn ni, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ náà ń lọ ló dárúkọ, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Ìtúnlùúṣe" ló fẹ́ẹ̀ mú mi. Ó ní ẹni tó ń ṣe é nínú, "ìdàgbàsókè" kò sì ní i. Ohun tó ń dàgbà lè máa dàgbà fúnra rẹ̀; ìlú kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ti gbọ́ ọ, títì, afárá àti gọ́tà ló máa sọ sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa máa fi títì àti afárá díwọ̀n ayé ẹ̀dá wà lára ohun tó bí ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1990 ni UNDP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìdàgbàsókè, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn jáde lábẹ́ Mahbub ul Haq, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Pakísítàn, tí Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Íńdíà, sì bá a ronú sí i: dípò kí wọ́n máa wo iye owó tó ń wọ orílẹ̀-èdè nìkan, wọ́n fi bí ẹ̀mí ṣe ń gùn tó àti bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀wé tó kún un. Ní oṣù kẹta 1995, àwọn olórí orílẹ̀-èdè péjọ sí Copenhagen, olú-ìlú Dẹ́ńmáàkì, lórí ìdàgbàsókè àwùjọ yìí kan náà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n gbé ka iwájú: kí ìṣẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ríṣẹ́ ṣe, kí wọ́n má ta ẹnikẹ́ni nù láàárín àwùjọ. Èwo ni títì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Nítorí náà, "àwùjọ" gbọ́dọ̀ dúró. "Ìdàgbàsókè" náà, bó ti wù kí àbùkù rẹ̀ pọ̀ tó, ó ti mọ́ tolórí tẹlẹ́mù lẹ́nu, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi lé e jáde.

"Òfin" ni mo máa bá jà. Ohun tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí ni òfin. Ìlànà lè wà tí kò sí òfin kankan nídìí rẹ̀; òfin sì lè wà nínú ìwé tí kò sí ìlànà tó ń gbé e rìn, tí kò sówó, tí kò sí òṣìṣẹ́. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ yìí tún máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ létí pé ohun tí ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lé lórí, ìlànà lòun náà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ pe ìdákẹ́ ní òfin? "Ìlànà" ní tirẹ̀, ẹ tú u wò: là, ọ̀nà. Ẹni tó ń la ọ̀nà ló ń pinnu ibi tó máa gbà, oko ẹni tó máa là kọjá, àti ilé ẹni tí kò ní dé. Ó ṣòro kí a rí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ jùyẹn lọ.

Kí a má sì fi "ètò" rọ́pò rẹ̀, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìlànà ni kí ìjọba pinnu pé ìṣẹ́ òbí kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ kúrò nílé-ìwé. Ètò ni owó tí wọ́n ń san fún ìyá ọmọ náà nítorí rẹ̀. Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 1997, wọ́n pè é ní Progresa. Ó di Oportunidades ní 2002, ó di Prospera ní 2014, kó tó di pé wọ́n pa á tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ kò ní lè sọ ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà nínú ìtàn yẹn.

Àtúnṣe kan péré ni mo ní sí àbá àkọ́kọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, iwájú ni "social" wà tó fi bo ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn ni tiwa ń gbé, nítorí náà "Ìdàgbàsókè àti Ìlànà Àwùjọ" ló tọ́, kí "àwùjọ" lè di méjèèjì mú. Ẹnìkan máa ní "ìlànà àwùjọ" lè dún bí àṣà àti ìṣe. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ti àṣà, "àṣà" wà ńlẹ̀ fún un.

Ó tán, lójú tèmi. Ohun tó ń ká mi lára jùyẹn lọ ni pé a ti lo gbogbo ọ̀sẹ̀ lórí orúkọ tó máa wà lára ìwé ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n máa gbé ìwé ìbéèrè lé ọmọ yìí lọ́wọ́, tí wọ́n á ní kó lọ máa kan ilẹ̀kùn kiri. Èdè àwọn tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ló máa fi béèrè. Ẹni tó túmọ̀ ìbéèrè náà, bóyá àná ló túmọ̀ rẹ̀ tòun ti oorun lójú, òun ló ti pinnu ẹni tí wọ́n máa kà mọ́ tálákà.

Ẹ mú "ìṣẹ́" fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó tẹ ìwé náà kò bá fi àmì ohùn sí i, òun àti "iṣẹ́" ti di ọ̀kan. Ẹ wá bi ará ìlú pé "Ǹjẹ́ ise ti dín kù ní àdúgbò yín láti ìgbà tí ètò yìí ti dé?" Ẹni tó ń kà á sókè ló máa yan èyí tó bá wá sí i lẹ́nu. Ẹni tí ìṣẹ́ rẹ̀ dín kù á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Oníwádìí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò náà kẹ́sẹ járí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àmì ohùn ń fi àkókò ẹni ṣòfò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dá mi lóhùn.

Ìṣẹ́ yìí náà kì í ṣe ẹ̀yà kan lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Ní 1901, Seebohm Rowntree gbé ìwádìí tó ṣe ní ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ó ṣírò oúnjẹ, ilé àti aṣọ tí ara fi lè ní okun, ó ní ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká ìyẹn, tálákà ni. Ìlà tí Báńkì Àgbáyé ń fà láti fi mọ ẹni tó jẹ́ tálákà, tí wọ́n gbé dé dọ́là 3 lóòjọ́ ní oṣù kẹfà 2025, ẹ̀yà kan náà ni. Èyí kò fún wa ní wàhálà: ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹni náà, ó parí. Ibi tó ti le ni ẹ̀yà kejì, èyí tí Peter Townsend, onímọ̀ nípa àwùjọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèjà rẹ̀ ní 1979: ẹni tó jẹun, tó ní aṣọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ kò ká ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ní àwùjọ tó wà, tí kò lè gbàlejò, tí ọmọ rẹ̀ kò lè bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Lójú Townsend, tálákà lòun náà. Àfiwé yìí náà ni wọ́n ń lò ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá tó 60 nínú 100 owó ẹni tó wà láàárín gbùngbùn bí wọ́n bá to gbogbo èèyàn láti orí tálákà dé olówó, wọ́n gbà pé ìṣẹ́ ń lé e bọ̀.

Kí la fẹ́ pe ìyẹn? "Ìṣẹ́ àfiwé" bá gírámà mu, àmọ́ inú ìwé ló máa kú sí. Ẹlòmíì ní "òṣì". Ẹ gbọ́ ná: ẹ kan ilẹ̀kùn onílé, ẹ fẹ́ bi í bóyá olòṣì ni? Eré ni ẹ máa fi kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ka ìbéèrè kejì. Àbá tèmi ni "àìtẹ́gbẹ́". A ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn tẹ́gbẹ́, pé ó tó ẹgbẹ́ rẹ̀. A kàn fi "àì" sí i níwájú ni, bí ti àìsàn, bí ti àìríṣẹ́ṣe. Ẹgbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an, láìsí ẹgbẹ́ tí a fi wéni, ìwọ̀n Townsend kò sí. "Kí ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè tẹ́gbẹ́ níbí?" Ìbéèrè tí onílé lè dáhùn láìfi ojú wolẹ̀ nìyẹn. Àbùkù kan wà níbẹ̀: ó lè dún bí ẹni pé ẹ̀bi ẹni náà ni, pé kò gbìyànjú tó. Mo ṣì fara mọ́ ọn ju òṣì lọ.

Ó tún ku "ìdílé". Ẹyọ tí ìwé ìbéèrè ń kà ni àwọn tó jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń pèsè oúnjẹ àti ohun kò-ṣeé-máà-ní fún ara wọn, ì báà jẹ́ ẹbí, ì báà má jẹ́. Ẹ túmọ̀ ìyẹn sí "ìdílé", kí ẹ wá bi èèyàn pé ẹni mélòó ló wà nínú ìdílé rẹ̀. Á ka ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, á ka àbúrò tó ti lọ sílé ọkọ, á sì fo ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun lójoojúmọ́ dá. Owó tí ẹnu mẹ́rin ń jẹ ni wọ́n á pín sí orí mẹ́wàá. Mi ò ní dá ọ̀rọ̀ tuntun fún èyí. "Àwọn tí ẹ jọ ń gbé, tí ẹ jọ ń jẹun": ó gùn, ó sì yéni.

Iṣẹ́, èyí tí a ń ṣe o, kì í ṣe èyí tó ń ṣẹ́ni, inú tirẹ̀ fẹ̀ jù ni. Ní 2013, àwọn oníṣirò tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, pè jọ pín in sí wẹ́wẹ́: ìtọ́jú ọmọ àti aláìsàn nínú ilé, iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn ń ṣe fún owó tàbí èrè nìkan ni wọ́n fi ń kà á mọ́ ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ sì ti tó. Ní Yorùbá, ẹni tó ń tajà díẹ̀díẹ̀ á ní òun kò níṣẹ́, torí iṣẹ́ oṣù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ á ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun gbádùn. Àwọn méjèèjì sọ òótọ́, ìṣirò sì bàjẹ́. Kí a fi "iṣẹ́ ajé" sọ ti owó, kí "iṣẹ́" máa bo gbogbo rẹ̀.

Fún ètò tó wà fún gbogbo èèyàn láìwo ti olówó tàbí tálákà, "ètò akárí" ti tó. "Ètò aṣàyàn" fún èyí tí wọ́n ti ń ṣa ẹni tí wọ́n máa fún. Mo rò pé a ò ní jà lórí ìyẹn.

Ibi tí mo ti ń retí ìjà ni owó tí wọ́n ń san fún ìyá kìkì bí ọmọ bá ń lọ sílé-ìwé, tí wọ́n sì ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìlera, bí ti Mẹ́síkò ìjelòó àti Bolsa Família tí Bràsíl gbé kalẹ̀ ní 2003. "Owó ìrànwọ́ aládèéhùn" làwọn kan ń pè é. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ mọ́, bí àkóso ṣe di alákòóso. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ń jọ ṣe àdéhùn. Ìyá yẹn kò jókòó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà; wọ́n ka ohun tó máa ṣe fún un, bí kò bá ṣe é, owó dúró. Àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn onímọ̀ lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n máa de owó tálákà mọ́ nǹkan báyìí, "aládèéhùn" sì ti gbè sẹ́yìn apá kan kí akẹ́kọ̀ọ́ tó la ẹnu. "Owó ìrànwọ́ bóobáṣe" ni mo fẹ́ràn. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, mo gbà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn aládèéhùn, ẹ sọ ẹni tó bá ìyá náà ṣàdéhùn fún mi.