Akápò wa ná owó aṣọ ẹgbẹ́, ó fẹ́ padà wá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn níbí ni mo wà, lápá Mọ̀nàtàn. Akápò ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa gba owó aṣọ ìkórè lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá, a ò rí aṣọ, a ò rí owó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú, ó ní ọsibítù lòun kó o lọ, ọmọ òun ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Látìgbà náà ni kò ti wá mọ́. Ata ló ń tà ní Bódìjà, díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó náà padà. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun bá wa dáná ìkórè tó ń bọ̀, torí èmi ni mo ń bójú tó oúnjẹ. Àwọn kan ti ní bó bá fọwọ́ kan ìkòkò, àwọn ò ní jẹ ńbẹ̀, pé mò ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Owó tèmi náà wà níbẹ̀ o, ó sì dùn mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ̀dá Gbági: Ẹ jẹ́ kó san án tán ná. Ẹni tó ná owó aṣọ lè ná owó ìkórè.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, oúnjẹ ló ní òun fẹ́ sè, kò ní kí wọ́n gbé àpótí owó fún òun. Kí ẹlòmíràn máa ṣe akápò, kí òun máa ro ọbẹ̀.

Tíṣà Mókọ́lá: Ẹ ṣí Mátíù 18. Ọ̀gá fi gbèsè ńlá, 10,000 tálẹ́ńtì, ji ìránṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn jáde, ó fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí 100 dínárì. A máa ń ka 100 yẹn sí owó kékeré. Rárá o. Ní Mátíù 20, dínárì kan lowó òòjọ́ alágbàṣe. Owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n jẹ ọkùnrin yẹn! Jésù ò sọ pé kò yẹ kó dùn ún. Ó mọ̀ pé ó ń dun ẹ̀yin náà, mà, síbẹ̀ ó ní ká foríjì. Ẹsẹ 15 orí yẹn kan náà sì ní kí o lọ bá arákùnrin rẹ sọ ọ́, ẹ̀yin méjì péré. Ta ló lọ bá obìnrin yìí nínú àwọn tó ní àwọn ò ní jẹun? Àbí orí WhatsApp ni wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ tán?

Ẹni tó béèrè: Kò sẹ́ni tó lọ, sà, àfi èmi. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ata tó ti rọ̀ kúrò nínú èyí tó le. Ó yọ ìwé kékeré kan tó ti ń ya, orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Ó ti fi bírò fagi lé orúkọ àwọn tó ti dá owó wọn padà fún. Tèmi ṣì wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Gbági: Ẹni tó fẹ́ sá kì í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kó wá dáná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́ ṣáájú.

Ìyá Ìbejì: Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń bẹ Fílémónì nítorí Ónẹ́símù, ẹrú rẹ̀, ó ní bó bá jẹ ọ́ ní gbèsè, kà á sí mi lọ́rùn. Mà, bí agbára bá wà, ẹ bá a san ti ẹnì kan nínú àwọn ìyá àgbà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. N ó ní kó fagi lé orúkọ tèmi, n ó sì bá a san ti ìyá àgbà kan. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú ni n ó rí pásítọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́, ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ni n ó ní kó wá bá wa bó.