Ìgbéṣẹ́síta kọ́, àgbàṣe ni

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé, bí iléeṣẹ́ bá gbé apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún iléeṣẹ́ mìíràn láti máa bá a ṣe, kí a máa pe é ní "ìgbéṣẹ́síta". Mo kí wọn kú akitiyan, àmọ́ ìta wo? Inú báńkì ni àwọn tó ń gbálẹ̀ báńkì àti àwọn tó ń ṣọ́ géètì rẹ̀ ń wà látàárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ló ń san owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wọn. "Síta" yóò tún mú kí èèyàn rò pé òkè òkun ni gbogbo iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ìtòkú, níbí l'Abẹ́òkúta, ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tí à ń wá orúkọ fún. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá àgbà tó tọ́ mi ń ṣe. Wọn a fi ìyẹ́ adìẹ fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ, tó bá gbẹ, ó di ọ̀dọ̀ aláró. Kò sí ìkòkò aró kan ṣoṣo nílé wọn. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní aró ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í, bó bá sì bàjẹ́, owó ló wọmi. Aláró tó ń pa aṣọ ogún èèyàn pọ̀ yóò ṣe é lówó pọ́ọ́kú. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi ni mo fi ń ya ọnà. Òun ni wọ́n mọ̀ mí mọ́."

Ohun tí àwọn ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ń fi odindi ọjọ́ jíròrò kò ju ìyẹn lọ. Kí ni oníbàárà mọ̀ wá mọ́? Èwo ni ẹlòmíràn lè ṣe kó dínwó? Bó bá bà á jẹ́, ṣé a ó tètè mọ̀, ṣé a sì lè gbà á padà? Ní 1989, Kodak tó mọ fíìmù kámẹ́rà ṣe gbé àbójútó kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, lọ́wọ́. Ní 2014, MTN Nàìjíríà àti IHS, iléeṣẹ́ olópòó, fẹnu kò pé kí IHS máa bójú tó òpó ìbánisọ̀rọ̀ MTN tó lé ní 9,000: ìpè ni MTN ń tà, kì í ṣe irin.

Nítorí náà, "ìgbéṣẹ́fágbàṣe" ni tèmi. Láti oko ló ti wá. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò bọ́ àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́. Àáró ni kí n bá ọ ro tìrẹ lónìí, kí o bá mi ro tèmi lọ́la (ẹ má gbé e pọ̀ mọ́ aláró o). Àgbàṣe ní tirẹ̀, owó ni.

Àǹtí kan ti bá mi jà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti lábùkù látinú Bíbélì, nínú Jòhánù orí 10, níbi tí alágbàṣe ti rí ìkookò tó sì sá, torí àgùntàn kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn! Orúkọ tó ń dẹ́rù ba ọ̀gá díẹ̀ kó tó buwọ́ lùwé kò burú. Ẹ wo Boeing 787: wọ́n gbé ṣíṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà bàálù náà fún àwọn ẹlòmíràn, títí dórí ìyẹ́ apá rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Japan. Oṣù karùn-ún 2008 ni wọ́n ṣèlérí àkọ́kọ́, oṣù kẹsàn-án 2011 ló tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á. Nígbà tó di 2009, Boeing fowó ra ilé iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe náà ní South Carolina, kó lè máa fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ibẹ̀.

Òótọ́ ni pé àgbàṣe oko ń parí lọ́jọ́ tí ebè bá parí, tí ti iléeṣẹ́ sì lè lo ọdún mẹ́wàá. Ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ń gbòòrò.

Èyí tí n kò tíì rí orúkọ fún ni iṣẹ́ tí a kò ní gbé fún ẹnikẹ́ni. "Kókó iṣẹ́" tí ẹ̀gbọ́n lò fún un ti gbẹ jù. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, "òun ni wọ́n mọ̀ mí mọ́", ló wà lọ́kàn mi. Ṣé a lè yọ "iṣẹ́ àmọ̀mọ́" jáde nínú rẹ̀, àbí ó ti le jù lẹ́nu?