Ta ló lè kọ́ ọmọ mi ní ìjálá ní Àbújá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Kàdúná ni mo dàgbà sí. Lálẹ́, bàbá mi a máa fi kásẹ́ẹ̀tì ewì Lánrewájú Adépọ̀jù sí i, gbogbo ilé a sì pa rọ́rọ́. Mo há àwọn ewì náà sórí, mo ń ké wọn fún àwọn ọmọ Hausa tá a jọ wà lágbàlá. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n á ní kí n tún un ké. Ibi tí akéwì ti ń fa ohùn gùn, tó wá já a lójijì, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ lèmi náà fẹ́ràn jù.

Ní ti ọmọbìnrin mi, ìjálá ọdẹ ló wù ú, pàápàá oríkì erin àti ẹfọ̀n. Ìwé lè kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ohùn ìjálá, ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n la ti ń gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ ní Kubwa, Gwarinpa tàbí Nyanya tó mọ ìjálá sun dáadáa, tó sì ní sùúrù fún ọmọdé? Bó bá jẹ́ rárà ló mọ̀, a máa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹ bá mi sọ iye tó ń gbà pẹ̀lú.