Corolla 205/55R16: táyà olówó ńlá méjì, àbí táyà Ṣáínà tuntun mẹ́rin?

AwakọBódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2010 ni ọkọ̀ mi, táyà oníwọ̀n 205/55R16, ti ríìmù 16, ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti fẹ́ pá. Ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé, ó ń padà lọ́jọ́ Ẹtì, ìyókù rẹ̀ inú ìlú ni, níbi tí kòtò pọ̀ sí. Owó tó wà nílẹ̀ á ra táyà Ṣáínà tuntun mẹ́rin, tàbí Michelin tàbí Bridgestone méjì péré. Àwọn kan tún ní kí n lọ ra tòkunbọ̀ mẹ́rin tó ní orúkọ ńlá, pé ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni owó gọbọi yẹn ń rà gan-an? Ṣé bírékì àti kọ́nà ni, àbí ó máa ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ju ti olówó pọ́ọ́kú lọ? Bó bá sì jẹ́ méjì ni mo rà, ṣé iwájú ni kí n fi sí ni àbí ẹ̀yìn?

Ẹnjíníà Ríìmù

Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ jẹ́ ká yọ tòkunbọ̀ kúrò nílẹ̀ ná. Jíjinlẹ̀ ojú táyà kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kà: 2319 ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé sí, torí náà bí ẹ ò bá rí i níta, ẹ yí táyà náà wò lódì kejì. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, máa ń kéde pé ọdún mẹ́rin ni táyà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ sì ti kọjá ìyẹn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Rọ́bà ń gbó bí wọn ò tiẹ̀ lò ó. Á le, á máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ àwọn ilà ojú rẹ̀, ohun tó so ó mọ́ wáyà irin inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ibi tó ti tú yẹn ni ojú táyà ti ń ṣí kúrò lódindi lórí eré márosẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Orúkọ ńlá ò sọ pé kó má ṣẹlẹ̀.

Ní ti owó gọbọi, inú rọ́bà ojú táyà ló kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń po sílíkà púpọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú èédú dúdú nìkan. Sílíkà wọ́n, pípò rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí rọ́bà rọ̀ tó láti di ilẹ̀ tútù mú láìgbóná jù. Ẹ lè wa ọkọ̀ lórí ọ̀nà gbígbẹ nínú ìlú títí lọ ní 60 km/h, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà tí òjò bá dé, tí tírélà iwájú sì tẹ bírékì lójijì, lẹ óò mọ̀. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà díwọ̀n bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú, wọ́n ní láàárín ìpele tó ga jù àti èyí tó kéré jù, ìyàtọ̀ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí lórí 80 km/h lè tó mítà 18. Corolla mẹ́rin tí wọ́n tò síwájú ara wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni egungun inú rẹ̀. Lára táyà ẹ óò rí ọ̀rọ̀ bíi «TREAD: 1 POLYESTER + 2 STEEL + 1 NYLON». Náílọ́ọ̀nù yẹn ló ń di wáyà irin mọ́lẹ̀ kó má baà fẹ́ gbé ara rẹ̀ sókè nígbà tí eré bá pọ̀. Bí ẹ bá rí táyà tí kò ní náílọ́ọ̀nù rárá, ẹ má gbé e lọ sórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Táyà Ṣáínà púpọ̀ ló ní in lónìí o, kì í ṣe gbogbo wọn ni jákujàku.

Ní kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ táyà tó dáa máa ń gbọ́ràn: bí ẹ ṣe yí sítíárì ni ọkọ̀ ń yí. Ti olówó pọ́ọ́kú máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó tẹ̀ lé yín. Bó bá sì dé ibi tí kò lè dì í mú mọ́, ti olówó ńlá máa ń han, ọkọ̀ á máa fà díẹ̀díẹ̀, èkejì lè já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ládìpọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjíníà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ fo kòtò, kòtò ló sì ń pa táyà jù nílẹ̀ wa. Bí ẹnu kòtò bá fún ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ ríìmù, okùn inú rẹ̀ á já, ẹ̀gbẹ́ náà á sì wú síta. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn, àfi kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ọ̀pọ̀ táyà olówó ńlá, ọ̀nà dídán ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ kí ọkọ̀ má baà jẹ epo púpọ̀. Owó tẹ́ ẹ fi kún un ò dáàbò bò yín níbí.

Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà. 205/55 ní nǹkan bíi mìlímítà 113 láti ríìmù dé ilẹ̀, 195/65R15 ní 127. Gíga táyà lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 632 àti 634, torí náà aago eré ò ní parọ́. Ọ̀pọ̀ Corolla yẹn ló bá ríìmù 15 wọlé láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá rí ríìmù 15 mẹ́rin tí kò wọ́, owó táyà rẹ̀ á dín kù, á sì fara da kòtò ju èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín lọ. Kọ́nà á rọ̀ díẹ̀, ẹ ò sì bá ẹnikẹ́ni sáré.

Bí 16 náà bá lẹ fẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 91 sí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 91 ń gbé kílò 615 lórí táyà kan, 94 XL, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún ẹrù tó wúwo sí i, ń gbé 670. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn 42 psi ni XL fi ń gbé ẹrù yẹn pé, 36 ni táyà lásán fi ń gbé tirẹ̀. Ẹni tó bá fún XL ní atẹ́gùn kékeré, kò tíì jẹ èrè owó tó san. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, ẹ má gba ohun tó kéré sí H, ìyẹn 210 km/h. Kì í ṣe torí pé ẹ fẹ́ sá eré bẹ́ẹ̀, torí ooru tó lè fara dà ni.

Láti ìgbà tí Michelin ti kógbá sílé ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà ní 2008, òkè òkun là ń fojú sí fún táyà. Àwọn kan máa ń ki táyà mẹ́ta, mẹ́rin bọ inú ara wọn kí kọ̀nténà lè gbà púpọ̀, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, sì ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìmọye ìgbà. Tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́ kó tó débí. Ẹ fi ọwọ́ wọ inú rẹ̀ yí ká: bí ẹ bá kan ibi tó ká, tó ní ìlà ìṣẹ́po, tàbí tí etí tó ń jókòó sórí ríìmù ti tẹ̀ lápá kan, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tó tẹ́jú, kò yẹ kí apá kan gbé sókè.

Ìyá Ọlọ́kọ̀

Ẹ kú àlàyé. Ìbéèrè «èwo ló pẹ́ jù» yẹn, ẹ ṣọ́ra fún un. Táyà pọ́ọ́kú míì máa ń pẹ́ gan-an torí pé rọ́bà rẹ̀ le, líle yẹn náà ló sì ń jẹ́ kó yọ̀ nínú òjò. Èyí tó ń yára jẹ lè jẹ́ èyí tó ń dì yín mú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò owó, báyìí ni. Táyà tuntun máa ń ní nǹkan bíi mìlímítà 8 lójú. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní 1.6 ni òpin, àmì TWI inú ilà ojú táyà ló ń fi í hàn, ṣùgbọ́n lábẹ́ 3 omi ò rí ọ̀nà jáde dáadáa mọ́. Mìlímítà 5 lẹ ń rà nígbà náà. Ẹ fi irin ìwọ̀n wò ó ní kìlómítà 5,000: bó bá jẹ 0.5, á tó 50,000. Ẹ pín owó táyà sí kìlómítà yẹn. Nọ́ńbà «TREADWEAR» tó wà lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ń fi sí i, torí náà ẹ má fi 500 ti ẹnì kan wé 400 ti ẹlòmíì. «TRACTION» tó wà níbẹ̀ náà, bírékì lórí ilẹ̀ tútù ní ọ̀nà tó tọ́ nìkan ló ń sọ, kò mọ kọ́nà. «TEMPERATURE A» ni kẹ́ ẹ mú, C kò bá ooru wa mu.

Ní tèmi, méjì olówó ńlá kọ́, mẹ́rin pọ́ọ́kú jùlọ náà kọ́. Ẹ wo àárín: Hankook, Kumho, Maxxis, Yokohama. Bí owó ò bá tó, ẹ ra Ṣáínà mẹ́rin tó ní H tàbí V, «TRACTION A», «TEMPERATURE A», tí DOT rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan.

Bó bá wá pọn dandan pé méjì ni, ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ.

Ọmọ Ládìpọ̀

Mọ̀mí, ẹ̀yìn kẹ̀? Iwájú lẹnjìnnì ti ń fà, iwájú ni sítíárì wà, iwájú ló sì ń yára jẹ. Gbogbo ènìyàn ní Ládìpọ̀, iwájú ni wọ́n ń fi tuntun sí.

Ìyá Ọlọ́kọ̀

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ni. Bí iwájú bá yọ̀ nínú omi, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, ẹni tó ń wà á á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, á sì tún dì í mú. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí onítọ̀hún tó mọ̀. Ní ti pé iwájú ń yára jẹ, ẹ máa gbé ti iwájú sẹ́yìn ní ìwọ̀n kìlómítà 8,000 sí 10,000, á jẹ dọ́gba. Àwọn méjì tó jọ wà níwájú, tàbí tó jọ wà lẹ́yìn, gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà àti ojú kan náà. Táyà tó bá sì ti dín sí 3, kò yẹ níwájú, kò yẹ lẹ́yìn.

Fọkánáísà Àgbà

Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ò wúlò bí atẹ́gùn ò bá pé. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ká, ó ń nà, ooru ń jọ sínú rẹ̀, á sì bẹ́, ì báà jẹ́ Michelin. Ẹ wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, iye tó wà níbẹ̀ ni, kì í ṣe iye tó ga jù tí wọ́n kọ sára táyà. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú géèjì tiyín, torí géèjì ẹ̀gbẹ́ títì máa ń yàtọ̀ síra. Bó bá gbóná, á fi bíi 4 psi lé. Ẹ má tú u dànù. Bí ènìyàn márùn-ún bá wọlé pẹ̀lú ẹrù, ẹ fi 2 tàbí 3 kún ti ẹ̀yìn. Náítírójìn kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó oúnjẹ rà á.

Ẹ máa ka ojú táyà. Bí etí méjèèjì bá jẹ, atẹ́gùn kéré. Bí àárín bá jẹ, ó pọ̀ jù. Etí kan ṣoṣo, alámẹ́ǹtì ni. Bó bá jẹ ní gbágungbàgun, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ tó bú ẹni tó ta táyà. Táyà olówó ńlá tẹ́ ẹ gbé sórí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, owó lẹ sun níná.

Ìṣó tó wọ ojú táyà, tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ, ẹ ní kí wọ́n tú táyà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti inú. Èdídí tí wọ́n ń fi irin tì bọ ihò láti ìta kàn ń gbé yín délé ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló lù, kò sí lílẹ̀. Nọ́ọ̀tì Corolla, 103 Nm ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo gun sípánà, bóòtù máa ń nà. Kẹ́ ẹ sì rọra ṣe pẹ̀lú táyà tuntun fún kìlómítà 300 àkọ́kọ́, ó ṣì ń yọ̀.

AwakọBódìjà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi tòkunbọ̀ sílẹ̀, màá wo ríìmù 15 yẹn àti àwọn ti àárín tí Mọ̀mí dárúkọ. Ẹ̀yìn ni tuntun á lọ bí owó bá kù díẹ̀. Sípéà inú bùútù ńkọ́? Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọn ò sì tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé.

Fọkánáísà Àgbà

Ti ìgbà díẹ̀ nìyẹn. 60 psi ló ń gbà, ìdajì rẹ̀ ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ ka DOT rẹ̀ náà: bó bá jẹ́ 2010 tó bá ọkọ̀ wá ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má kọjá 80 km/h lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ iwájú ló jò, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan wá síwájú, kẹ́ ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn.