Làpálàpá bo orí Táíwò, orí Kẹ́hìndé mọ́ tónítóní: kí ló fà á?

Ìyá Ìbejì Aláró:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin méjèèjì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 6. Orí ẹní kan ni wọ́n ń sùn, kóòmù kan ni wọ́n ń lò. Ọjọ́ kan náà ni bábà tó wà nítòsí ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ń fi kílípà kan fá orí àwọn méjèèjì, Táíwò ló sì máa ń kọ́kọ́ jókòó. Ní nǹkan bí oṣù 3 sẹ́yìn, mo rí ojú kan lẹ́yìn etí Táíwò, róbótó, ó funfun bí eérú. Gbogbo irun ibẹ̀ ti kán. Ojú kan di mẹ́rin. Kẹ́hìndé ńkọ́? Láràárọ̀ kí n tó lọ sídìí ìkòkò aró, mo máa ń fà á sínú oòrùn, màá fi ìka ya irun rẹ̀ wò láti iwájú dé ìpàkọ́. Kò sí nǹkan kan.

Mo ra ìpara kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri oògùn lọ́jà. Ní ọjọ́ kẹta, kò yún un mọ́, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 ó padà dé, ó sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ Táíwò ni kò lágbára. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ọmú kan náà ni wọ́n mu. Bí mo bá fún ọ̀kan lẹ́yin, mo fún èkejì. Kí ló dé tí ara ọ̀kan fi gbà á, tí ti èkejì kò gbà á?

Ìyá Àgbà Ayétòrò:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èjìrẹ́ yóò bá ọ kalẹ́. Ewé asùnwọ̀n òyìnbó ni ìyá mi ń gún mọ́ ọṣẹ dúdú fún wa nígbà náà. Ti ara máa ń lọ. Ti orí ni n kò rí kó lọ tán lójú mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o kò tọ́jú ọmọ.

Ará Láàbù:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe níbí ní Òṣogbo, ọdún kọkànlá rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí kò lágbára yẹn kúrò lọ́kàn. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́ tí mo bá gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá gbé irú Táíwò wá, màá fi ẹ̀yìn abẹ ha ìpẹ́ orí rẹ̀ sórí gíláàsì, màá kán potassium hydroxide sí i. Ẹ̀yin aláró mọ ìbátan rẹ̀: kọ́sítíìkì sódà tó ń jẹ yín lọ́wọ́ nídìí aró. Ó máa jẹ ìpẹ́ awọ yẹn yọ́, ṣùgbọ́n kò ní tètè rí fungus jẹ, ìyẹn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tó ń fa làpálàpá. Tí mo bá wá fojú sí maikirosikóòpù, màá rí wọn: wóró wóró tó yí fọ́nrán irun ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín mọ́ ọrùn.

Ògiri fungus ní irú ṣúgà kan, beta-glucan, tí ara tiwa kì í ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ wa ní ohun kan lára tí wọ́n ń pè ní dectin-1, òun ni wọ́n fi ń dá ṣúgà yẹn mọ̀. Tí wọ́n bá ti dá a mọ̀, wọ́n á figbe ta. Neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, á sáré dé láti gbé fungus náà mì, sẹ́ẹ̀lì T, irú mìíràn, á tẹ̀ lé e. Igbe yẹn ni kò dọ́gba láàárín èèyàn. Ní Nijmegen, ní Netherlands, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn bíi 500 tí ara wọn le, wọ́n po Candida mọ́ ọn, ìyẹn fungus tó ń fa èfù lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Wọ́n wá wọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì wọn tú jáde. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: ti ẹlòmíì pọ̀ gan-an, ti ẹlòmíì kéré, bẹ́ẹ̀ kò sí aláìsàn níbẹ̀. Àbùdá ìran wà nínú ohun tó fà á, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, kódà ìgbà tí a wà nínú ọdún wà níbẹ̀.

Ìpara tí ẹ rà, ó jọ pé steroid wà nínú rẹ̀. Steroid kì í pa fungus, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọmọ ló ń kùn lóorun. Yíyún dáwọ́ dúró, fungus sì ń jẹun lọ.

Kẹ́hìndé gan-an ló ń kọ mí lóminú. Orí tó mọ́ kò ní kí fungus má sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń gbé e kiri láìyún, láìní ìpẹ́ lórí, torí pé sẹ́ẹ̀lì wọn kò bá a jà kíkankíkan. Àwọn mìíràn, sẹ́ẹ̀lì wọn á bínú sí i débi pé orí á wú, á rọ̀, á máa ṣe ọyún. Fungus kan náà ni o. Ẹ gbé àwọn méjèèjì wá. Ti Kẹ́hìndé, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun la máa fi pa á lórí, a ó gbin ohun tó bá kó. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 kó tó hù.

Ṣé wọ́n jọra?

Ìyá Ìbejì Aláró:
Wọn kò jọra rárá, sà. Táíwò pupa bíi bàbá rẹ̀, Kẹ́hìndé dúdú bíi tèmi. Màá gbé wọn wá lọ́jọ́ Ajé.

Ará Láàbù:
Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìyá ni wọ́n ti wá nìyẹn. Àbùdá wọn kò jọ ju ti ọmọ ìyá yòókù lọ. Ká tiẹ̀ ní ẹyin kan ni, sẹ́ẹ̀lì T olúkúlùkù ló ń to ohun ìjà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í bá ti èkejì dọ́gba.

Apòògùn Òkè-Fìà:
Oògùn mímu ni ti orí máa ń gbà, torí inú irun ló wà, ìpara kò lè dé ibẹ̀. Bí dókítà bá kọ griseofulvin, á wọn ọmọ kó tó mọ iye tó máa lò. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá, kó lè wọ ara dáadáa. Bí irun bá ti ń hù padà, ẹ má dá a dúró o. Ẹ sì bá bábà yẹn sọ̀rọ̀ nípa kílípà rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Aláró:
Ọ̀sẹ̀ 3 rèé. Ti Kẹ́hìndé hù. Wọ́n fi àwo rẹ̀ hàn mí: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó funfun bí òwú tí kò tíì wọ aró. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Orí tí mo ń yà wò láràárọ̀ nìyẹn.

Táíwò ti ń lo oògùn, àkàrà ni mo fi ń fún un. Kẹ́hìndé ń fi ṣampú tí dókítà kọ fọ orí. Ìyá ọkọ mi bá mi lọ gba èsì, àwọn náà sì fojú ara wọn rí i. Nígbà tí a délé, àwọn fúnra wọn ló fi owó lélẹ̀ pé kí n ra kóòmù méjì. Mo so òwú aró mọ́ ti Táíwò.